Ẹ Fi Èdè Rẹ̀ Bá A Sọ̀rọ̀ Kí Ẹ Tó Ní Kò Gbọ́

"Serrez ma main! Serrez!"

Ohun tí dókítà ń sọ sí àbúrò mi létí lédè Faransé nìyẹn, pé kó di ọwọ́ òun mú, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé kò mọ nǹkan kan mọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó jáde. Mo dúró níbẹ̀. Olùkọ́ ni mí, Faransé ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, láti ọjọ́ pípẹ́. Mo mọ̀ pé àbúrò mi kò ju kíláàsì kẹta lọ kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Mo mọ̀ pé Yorùbá Kétu ni ó fi ń ronú, òun ni ó fi ń jà, òun ni ó fi ń ná pákó lọ́jà. Síbẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọ́ Faransé." Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ lọ́jọ́ náà ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní. Òun ni mo ṣe jókòó kọ èyí, torí mo mọ̀ pé bí mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹbí kan wà níbì kan tó dúró ti ibùsùn bí a ti dúró.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2021 ni. Ó ń gun alùpùpù bọ̀ láti Pobè nírọ̀lẹ́, ó fi kásìkì kọ́ apá dípò kó dé e sórí, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì bàjẹ́ sójú títì láìtan iná, ó lọ kọlù ú. Àwọn tó bá a nílẹ̀ ṣe wá lóore, mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àárín ènìyàn méjì ni wọ́n gbé e sí lórí alùpùpù, orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. N kò lè sọ pé ìyẹn ló dá kún un. Mo kàn mọ̀ báyìí pé ẹni tó bá fi orí lulẹ̀, ọrùn rẹ̀ náà lè ti ṣẹ́: orí pákó tàbí ilẹ̀kùn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó tọ́. Bó bá ń bì, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n gbé e dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lóru. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni "Glasgow cinq". Mo bi nọ́ọ̀sì kan léèrè, ó ní ó gba 5 nínú 15 ni. Ojú olùkọ́ ni mo fi wò ó. Mo pe Màmá sórí fóònù ní Kétu, mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́." Inú wọn dùn, wọ́n sọ fún gbogbo agboolé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ìlú ni Glasgow, ní Scotland. Níbẹ̀ ni dókítà méjì, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ti gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀ ní 1974, láti fi mọ bí ẹni tó fara pa ṣe mọ nǹkan tó. Bí wọ́n ṣe ń kà á báyìí nìyí: ojú lílà ní 4, ọ̀rọ̀ ẹnu ní 5, bí ara ṣe ń mira ní 6. Kò sí òdo nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ohunkóhun rárá, 3 ni yóò gbà. 5 tí mo fi yọ̀ yẹn, méjì péré ló fi ju ìsàlẹ̀ pátápátá lọ. Bí wọ́n bá sọ nọ́ńbà kan fún yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí nọ́ńbà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ojú rẹ̀ là.

N kò lè ròyìn bí Màmá ṣe ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n fi nu ojú rẹ̀, wọ́n ń pè é, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A pa adìẹ nílé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọjá lára wa bí ẹni ń wo ògiri. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún wa pé lílajú yàtọ̀ sí jíjí. Kómà, ìyẹn ipò tí ènìyàn wà tí ojú rẹ̀ kì í là tí kò sì ṣeé jí, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ. Ẹni tí kò bá bá a lọ, ojú rẹ̀ á là. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ó ń ṣètò oorun àti ìlajú. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí apá òkè, èyí tí a fi ń mọ ẹni tó dúró níwájú wa, kò tíì gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ń sùn lóru, tí ó ń lajú lọ́sàn-án, tí ó ń yán, tí ó ń wa eyín pọ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí mo bá fi ìka sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á dì í mú. Mo sọ fún gbogbo ẹbí pé ó mọ̀ mí. Ọmọ tuntun jòjòló náà ń di ìka mú, ẹnikẹ́ni tí ìka rẹ̀ ì báà jẹ́.

Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù méjì ni dókítà yẹn wá pariwo Faransé sí i létí, tí wọ́n sì sọ fún wa pé "état végétatif" ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní ó ti di ewéko." Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, n kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Jennett yẹn kan náà àti dókítà mìíràn, Fred Plum, ló fún ipò náà lórúkọ ní 1972. Wọn kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ara ń dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ń mí, ó ń da oúnjẹ, láìsí àmì pé ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa lọ ibi tí olówó rẹ̀ kò rán an. Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù, tí Steven Laureys láti Liège ní Bẹ́ljíọ̀m wà lára wọn, ní kí a jáwọ́ nínú orúkọ náà. Wọ́n ní kí a máa pè é ní ipò ẹni tó lajú tí kò dáhùn, "éveil non répondant". Ká ní èyí ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà, bóyá ǹ bá ti bi ara mi pé, èdè wo ni wọ́n fi bi í tí kò dáhùn?

Owó tán. A gbé e padà sí Kétu pẹ̀lú rọ́bà ní imú rẹ̀, rọ́bà ìtọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, àti egbò kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ní ìdí rẹ̀. Egbò yẹn, àfọwọ́fà ni. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì-méjì ni kí wọ́n máa yí i, tọ̀sán tòru. Mo fi aago fóònù sí i. Èmi àti ìyàwó mi pín òru. Àṣìṣe kejì: ẹnì kan nínú ẹbí, pẹ̀lú àánú, fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu. Ó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó di ibà àti ikọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Rọ́bà imú nìkan ni kí oúnjẹ gbà títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi dán ọ̀fun rẹ̀ wò, kí ẹ sì gbé e jókòó díẹ̀ kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹun tán.

Àṣìṣe kẹta ló dùn mí jù. Àwọn àgbà jókòó sí iyàrá tí ó wà, wọ́n ń sọ ti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò gba pákó, ta ni yóò gba àwọn ọmọ iṣẹ́. Èmi ni mo ta ìfági rẹ̀, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira. A nílò owó oògùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ nígbà tí mò ń ka owó náà.

Màmá nìkan ni kò gba ọ̀rọ̀ ewéko gbọ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fọ ojú fún un, wọ́n á pe oríkì rẹ̀: "Àyìndé." Wọ́n á dúró. Wọ́n á tún pè é, wọ́n á wá ki orílẹ̀ wa lé e, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Wọ́n ní bí àwọn bá ti pe Àyìndé, orí rẹ̀ máa ń yí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo rò pé ìfẹ́ ọmọ ló ń tan wọ́n. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé àwọn olùwádìí ti lu agogo létí irú àwọn aláìsàn báyìí, wọ́n sì tún pe orúkọ wọn. Orúkọ ara ẹni ni ọ̀pọ̀ wọn yí orí sí ju agogo lọ. Màmá kò mọ̀wé kà. Oríkì ni wọ́n fi wo ọmọ wọn dàgbà, oríkì náà ni wọ́n sì fi dán an wò.

Ìwádìí kan ló lé oorun lójú mi. Ní 2009, àwọn ará Liège yẹn mú ènìyàn 44 tí àwọn dókítà ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé wọn kò mọ nǹkan kan. Wọ́n tún gbogbo wọn dán wò pẹ̀lú ìwé ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní CRS-R, tí Joseph Giacino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2004. Ènìyàn 18 nínú wọn ló ní àmì pé wọ́n mọ̀. 18 nínú 44! Kì í sì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ìwé ni, àti ohùn, àti dígí, àti sùúrù. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn tún rí i pé ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan kò tó, pé ó kéré tán kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí ìmọ̀ wọn ń tàn, ó ń kú, bí iná mànàmáná wa.

Dígí ni mo kọ́kọ́ lọ mú. Mo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì tan ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti ń fì fóònù níwájú rẹ̀, kò wò ó. Àwọn olùwádìí kan náà ti kọ ọ́ ní 2008 pé dígí ni ojú irú wọn máa ń tẹ̀ lé jù, torí ojú ara wọn ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Dígí kékeré olójú róbótó tí Màmá fi ń lé tìróò ni, etí rẹ̀ pupa, ó sán ní igun kan. A gbé Àyìndé jókòó, a fi ìrọ̀rí méjì gbé e ró lẹ́yìn. Mo gbé dígí síwájú rẹ̀ títí mo fi rí i pé ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo rọra gbé e lọ sápá òsì. Kò sí nǹkan kan. Mo dá a padà. Mo rọra gbé e lọ sápá ọ̀tún. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì gbéra, wọ́n fà díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún fà, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tó wú. Wọ́n bá dígí dé etí ibùsùn. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi tí dígí fi bọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀. Mo ti fi ìka tí ó di mú tan ara mi jẹ lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ tún tan ara mi. Mo yan ohun kan tí mo ti rí tí ara rẹ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀, gbígbé àtàńpàkò ọ̀tún. Màmá á ní, "Àyìndé, gbé àtàńpàkò rẹ." A ó dákẹ́, èmi á ka ení dé ẹ̀ẹ́dógún nínú ọkàn. Ní ìgbà mìíràn wọn kò ní sọ nǹkan kan, èmi á sì kà á bákan náà. Ní ìgbà mìíràn wọ́n á ní, "Àyìndé, òjò ń ṣú." Bí àtàńpàkò bá ń gbéra bákan náà yálà a pàṣẹ tàbí a kò pàṣẹ, ara lásán ló ń mira. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, kò sí ìyàtọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, a pàṣẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó gbé e lẹ́ẹ̀mẹfà. A dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó gbé e lẹ́ẹ̀kan. Mo ka ìwé náà sókè fún Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún ẹ?"

Ìwé yẹn kọ́ wa ní ohun púpọ̀. Àárọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ ló dára jù, ó jókòó, kò dùbúlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kò sí nǹkan kan. Ìdáhùn rẹ̀ a máa pẹ́: dókítà tó bá sọ̀rọ̀ tó sì yíjú lójú ẹsẹ̀ kò lè rí i. Ọjọ́ mẹ́rin kan wà tí gbogbo rẹ̀ parẹ́, a rò pé ó ti tán. Ìtọ̀ rẹ̀ ló ní kòkòrò nínú, ibà ń bọ̀. Oògùn gìrì tí ó ń lò ń mú un sùn, mo sì rí i nínú ìwé pé wákàtí tó tẹ̀ lé oògùn ló burú jù. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró o, gìrì lè pa á, dókítà ni kó pààrọ̀ rẹ̀. Àti èrò. Ní Kétu, ẹni mẹ́wàá a wọlé pọ̀ láti kí aláìsàn, gbogbo wọn á máa gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohùn òkè. Àyìndé á di ojú pa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó nira láti sọ fún àgbà pé kó wọlé lóun nìkan, kó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo sọ ọ́. Àwọn kan bínú, wọn kò tíì dárí jì mí.

Ó lé ní oṣù márùn-ún nígbà tí mo gbé ìwé náà lọ sí Àjàṣẹ́. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan gbà á, ó jókòó, ó kà á tán. Ó ní, "Olùkọ́, kí Màmá máa pàṣẹ, èmi á máa wò." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wò ó, láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà lé ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ nínú fáìlì, ó kọ "conscience minimale" síbẹ̀: ìmọ̀ kékeré, tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tó dájú. Orúkọ yẹn náà kò pẹ́ láyé. 2002 ni Giacino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin yẹn ló sọ fún mi nípa iṣẹ́ tí Adrian Owen, olùwádìí ọpọlọ kan, ṣe ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2006, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 23 kan tí ọkọ̀ ṣe léṣe sínú ẹ̀rọ tó ń ya iṣẹ́ ọpọlọ, obìnrin tí kò dáhùn sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó máa rò ó lọ́kàn pé òun ń gbá tẹ́nìsì, lẹ́yìn náà pé òun ń rìn káàkiri ilé òun. Ibi tó yẹ kó tàn nínú ọpọlọ rẹ̀ tàn, bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní 2010, nínú ènìyàn 54, 5 ló ṣe irú rẹ̀, ọ̀kan sì fi í dáhùn bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní 2024, àwọn olùwádìí kó ènìyàn 241 jọ tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dáhùn sí àṣẹ níta. 60 ni ọpọlọ wọn ń dáhùn nínú. Ẹnì kan nínú mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí dókítà sọ ọ́ fún mi, mo ronú nípa tẹ́nìsì yẹn lójú ọ̀nà títí mo fi dé Kétu. Àbúrò mi kò rí pápá tẹ́nìsì rí láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ náà, ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni, "Àyìndé, máa fá pákó." Ẹ̀rọ yẹn kò sí ní Kétu, owó wa kò sì lè gbé e débi tó wà. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ti tó láti mú kí n má tún ta ohun ìní ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan wá ta oògùn ìjí-ènìyàn fún wa. A ra méjì, owó náà ṣègbé. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà yìí bóyá oògùn kan wà rárá. Ó ní amantadine ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù: ìwádìí ọdún 2012 lórí ènìyàn 184 tí orí wọn fara pa fi hàn pé ó mú kí ara wọn yára bọ̀ sípò sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi lò ó, ìyára náà sì dínkù nígbà tí wọ́n dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹrìndínlógún lẹ́yìn ìjàǹbá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀. A kò lò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì sí tiwa ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló dà púpọ̀ nígbà ìbímọ, ọkàn rẹ̀ dúró díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí a ṣe. Mo fún un ní dígí wa, mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ ìwé. Ojú obìnrin náà kò tẹ̀ lé dígí rí títí ó fi kú. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ kì í sábà padà bí èyí tí ìjàǹbá lù. Oṣù mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ fi ń wo tàkọ́kọ́, ọdún kan ni wọ́n fi ń wo èkejì kí wọ́n tó pè é ní ohun tó ti wọra, síbẹ̀ wọn kò sọ pé kò lè yí padà mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ̀bi nǹkan kan.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìjàǹbá náà nìyí. Dókítà ti ní kí a máa fún un ní àwọn nǹkan tó mọ̀, ká wò ó bóyá á lò ó bó ṣe yẹ, torí ẹni tó bá lo nǹkan méjì bó ṣe yẹ ti kúrò ní ipò ìmọ̀ kékeré yẹn. Mo fún un ní òòyà, ó gbé e sí orí. Mo wá kiri nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, mo rí pẹ́ńsù káfíńtà pẹlẹbẹ kan tí mo gbàgbé láti tà. Mo fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú bébà. Kò kọ nǹkan kan. Ó wo pẹ́ńsù náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tàsé lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi há etí.

Ó ń sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó máa ń bínú, gìrì ń mú un nígbà mìíràn, Màmá kò lè gbé e dìde mọ́ torí ẹ̀yìn wọn. Mo ti bi í léèrè, ẹ̀ẹ̀mejì, bóyá ó gbọ́ ohun tí a sọ nínú iyàrá yẹn. Ó ní òun kò rántí. Mo gbà á gbọ́. Èmi ni mo rántí.

Lọ́dún tó kọjá mo wá ẹni tó ra ìfági náà kàn, mo sì fi owó tó ju èyí tí mo tà á lọ rà á padà. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i padà, ó fi àtàńpàkò ra ojú abẹ rẹ̀, àtàńpàkò yẹn kan náà.

Ó ní, "Kò mú."

Mo dìde lọ wá òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn.